Ẹyẹ Tó Wọ Òrùka Wá sí Gánà

Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja Ilo-Awela! Ẹ gbọ́ èyí ná: àwọn òyìnbó kan ń náwó wọkọ̀ òfuurufú wá sí Gánà, kì í ṣe torí òwò, ẹyẹ ni wọ́n wá wò! Wọn á gbé awò tó ń mú ọ̀nà jíjìn sún mọ́ni, wọn á jókòó sórí iyanrìn látàárọ̀.

Roseate Tern lorúkọ ẹyẹ náà. Funfun ni, orí rẹ̀ dúdú bí ẹni dé fìlà. Àwọn kan nínú wọn ń yé sí Áílàndì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí òtútù bá ti ń bọ̀, ó di Gánà, ìrìn tó ju 3,000 máìlì lọ. Kí ló ń wá? Ẹja kéékèèké bíi ṣáwá tí ẹ ń tà yìí náà ni.

Òrùka irin tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ látìgbà tó wà lọ́mọ ló tú àṣírí. Nígbà kan, Gánà ni wọ́n ti ń rí òrùka náà jù, lọ́wọ́ àwọn ọmọdékùnrin tó ń fi ẹja dẹ okùn fún un létí òkun. Ẹyẹ tó la òkun já, ọmọ kékeré fi okùn mú un. Ó mà ṣe o! Bẹ́ẹ̀, ó ti ń dín kù gan-an lọ́hùn-ún nígbà náà.

Ní 1985, ìjọba Gánà àti ẹgbẹ́ RSPB ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ètò kan dìde. Iléèwé etí òkun ni wọ́n gbà lọ, wọ́n ń bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ó ṣáà yẹ kí apẹja fẹ́ràn ẹyẹ yìí: ibi tó bá ti ń já lu omi, ẹja wà níbẹ̀.