INÁ KÚ, ṢÉ ILÉ Ò KÚ?

Ọ̀rọ̀ iná ló gbé mi dé lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe bí a ṣe ń pa á, ohun tí à ń ṣe lẹ́yìn tó bá kú tán ni.

Ẹ wo bí a ti ń ṣe é ládùúgbò wa. Iná á jó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, panápaná á pa á, a ó bá onílé kẹ́dùn. Kò ní pẹ́, bíríkìlà á dé, á fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ibi tó là, wọ́n á kun ọ̀dà funfun, ayálégbé tuntun á kó wọlé. Bí ẹ bá ní ṣé ilé ọ̀hún ṣì lágbára, onílé á ní: “Kọnkéré ni, kì í ṣe pákó!”

Òótọ́ ni, kọnkéré kì í jó bíi pákó. Ṣùgbọ́n ooru ń jẹ ẹ́ nínú. Agbára méjì ni kọnkéré ní: ọ̀kan fún ìgbà tí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, èkejì fún ìgbà tí nǹkan bá ń fà á ya. Èkejì yìí kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti àkọ́kọ́ lọ, òun náà sì ni ooru ń tètè pa. Omi tó ń hó nínú ìkòkò, 100 ni ooru rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ti kọnkéré bá dé 600, ìlànà àwọn ẹnjiníà ilẹ̀ Yúróòpù ní kí wọ́n ka agbára fífà sí òfo, nígbà tí agbára ìtẹ̀ ṣì lè ku bíi 45 nínú 100. Iná yàrá tó kún fún fóòmù àti pépà sì lè gbóná ju 600 lọ dáadáa.

Ẹ gbọ́ ibi tó ti kàn wá. Dẹ́kìn tó wà lókè orí wa, abẹ́ rẹ̀ gan-an ni ẹrù ti ń fà á ya, abẹ́ yẹn náà sì ni iná ń lá. Irin inú rẹ̀ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú fífà náà, àmọ́ kọnkéré tó ti là kò lè di irin mú dáadáa mọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dán an wò? Wọ́n á fi ẹ̀rọ gé e jáde, roboto bí agolo mílíìkì, níbi tí iná jó àti níbi tí iná ò dé. Wọ́n á fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ̀rọ á máa tẹ̀ ẹ́ látòkè. Bó ti ń tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àárín rẹ̀ ń fà síta, títí tí á fi là sí méjì bí obì. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló máa sọ ohun tí iná kó lọ.

Ní 1943, ní Rio de Janeiro ní Brazil, wọ́n fẹ́ fi rólà kọnkéré yí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan kúrò lójú títì. Ibi tí ẹnjiníà Lobo Carneiro ti ń wò bóyá rólà á gbà á ló ti rí ọgbọ́n yìí. Wọ́n padà wó ṣọ́ọ̀ṣì náà ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ ò wó.

Mi ò ní gbogbo ilé tó jó ni ká wó o. Cocoa House ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1965, jóná ní January 1985. Ó di 1992 kí wọ́n tó tún un ṣe tán, ó sì wà níbẹ̀ dòní. Ọdún méje! Àwa ń fi ọ̀sẹ̀ méjì kun ọ̀dà.

Ẹ̀yin onílé, ìjọba Èkó ní ilé àyẹ̀wò tirẹ̀, Lagos State Materials Testing Laboratory. Owó àyẹ̀wò kò tó owó ìsìnkú. Ẹ̀yin ayálégbé, bẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ilé kan ti jó rí, ẹ bèèrè ìwé àyẹ̀wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà dé ṣáájú ẹnjiníà.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.