Ohun Tó Jọ Ohun: Ìbọn Ìṣeré àti Ojú Pópó Adó-Èkìtì

Àwọn àgbà ní ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun. Èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò rí èèpo ẹ̀pà nílẹ̀ tí yóò bú sẹ́kún pé ẹ̀lírí kú. Ìjọra náà ń pani lẹ́rìn-ín ni, kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n ìjọra kan wà lóde òní tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Òun ni ìjọra tí ó wà láàárín ìbọn gidi àti ìbọn ìṣeré ìgbàlódé tí àwọn òyìnbó ń pè ní airsoft. Bí a bá gbé méjèèjì sórí tábìlì kan, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò ní lè tọ́ka sí èyí tí ó lè pa ènìyàn.

Òṣùwọ̀n mẹ́ta ni àwọn tí ó fẹ́ràn irú ìbọn yìí fi ń díwọ̀n rẹ̀: ìrísí rẹ̀, bí wọ́n ṣe kàn án, àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí pápá. N kò bá òṣùwọ̀n náà jà. Ohun tí mo fẹ́ fi yé wa ni pé, bí a bá gbé e wá sí Adó-Èkìtì, èyí àkọ́kọ́ yóò dorí kodò. Ohun tí wọ́n ń pè ní ẹwà lókè òkun ni ó burú jù lára ìbọn náà níbí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ilẹ̀ Japan ni eré yìí ti ṣẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1980. Òfin ìbọn le gan-an ní orílẹ̀-èdè náà, kò sì rọrùn fún aráàlú láti ní ìbọn gidi. Àwọn tí ìbọn wù wá ń ṣe èyí tí ó jọ ọ́, tí ń yọ ọta ike róbótó tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà 6 lọ. Ní ọdún 1991, ilé-iṣẹ́ Tokyo Marui gbé èyí tí ó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́ jáde, eré náà sì gbilẹ̀ dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Àwọn òṣèré yóò pín ara wọn sí ọ̀nà méjì nínú igbó tàbí nínú ilé ńlá kan, wọn yóò wọ awò tí ó dáàbò bo ojú, wọn yóò sì máa dọdẹ ara wọn kiri. Ẹni tí ọta bá bà yóò gbé ọwọ́ sókè, yóò sì jáde kúrò nínú eré. Eré tí ó ní òfin ni, kì í ṣe ìwà jàgídíjàgan.

Ní ti bí wọ́n ṣe kàn án, ìpele ìpele ni. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù jẹ́ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ènìyàn sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ fa sípíríǹgì rẹ̀ kí ó tó lè yìn ín ní ẹ̀ẹ̀kan. Èyí tí ó dára ju ìyẹn lọ ní mọ́tò kékeré nínú. Bátìrì yóò yí mọ́tò, mọ́tò yóò yí jíà, jíà yóò fa písítìn sẹ́yìn, sípíríǹgì yóò sì ta á padà síwájú kí afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ lè ti ọta jáde. Bí jíà bá jẹ́ irin gidi, ìbọn náà yóò pẹ́. Bí ó bá jẹ́ irin yẹpẹrẹ, eyín rẹ̀ yóò jẹ láìpẹ́. Ẹ̀yà kẹta ń lo gáàsì. Ooru a máa mú kí gáàsì ràn, nítorí náà ọta tí ìbọn bẹ́ẹ̀ bá yọ nínú oòrùn ọ̀sán yóò le ju èyí tí ó yọ ní ilẹ̀ olótùútù lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó ní Èkìtì gbọ́dọ̀ mọ èyí. Kí ó sì mọ̀ pé eruku ọyẹ́ àti ọ̀rinrin àsìkò òjò kì í jẹ́ kí irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ gbádùn.

Ní ti iṣẹ́ rẹ̀ lórí pápá, ẹ jẹ́ kí òǹkà sọ̀rọ̀. Ọta ike tí wọ́n sábà máa ń lò wúwo tó gíráàmù 0.20. Bí ó bá sáré tó 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára rẹ̀ kò ju joule 1 lọ. Ọta AK-47 gidi wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 8, ó sì ń sáré ju 700 mítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan; agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó joule 2,000. Ìlọ́po ẹgbẹ̀rún méjì ni ìyàtọ̀ náà. Ọta airsoft kì í sábà ṣe ohun tí ó nítumọ̀ mọ́ bí ó bá ti kọjá 50 mítà, ewé lásán sì lè yí i kúrò lọ́nà nínú igbó dídí bíi tiwa. Ó lè ta ènìyàn bí ìgbà tí kòkòrò bá ta ni, ṣùgbọ́n ó lè fọ́ ojú. Nítorí náà, ẹni tí kò bá wọ awò kò gbọdọ̀ wọ pápá.

Ó wá ku ìrísí. Ibi tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti ń yìn ín jù nìyí. Wọn yóò wo àwọ̀ dúdú irin rẹ̀, igi ìdí rẹ̀, àpò ọta rẹ̀ tí ó tẹ̀ kọdọrọ, àti ìwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́. Èyí tí ó bá jọ ojúlówó jù ni ó ń gba oríyìn jù. Ohun kan ṣoṣo tí kò jọ ni ìró. Àwọn baba wa pe ogun tí Èkìtìparapọ̀ bá Ìbàdàn jà láàárín ọdún 1877 sí 1893 ní Kírìjì nítorí ìró ìbọn ńlá tí wọ́n ń gbọ́. Ìró ni wọ́n fi mọ ohun ìjà. Airsoft kò ní ju ìró wẹ́rẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró gbọ́ ìró kí ó tó mọ̀ bóyá kí òun sá tàbí kí òun má sá?

Èyí ni ó gbé wa dé Adó. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí alángbá, yóò sá. Ejò ti bu Èkìtì jẹ. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba aládé méjì, Onímòjò ti Ìmòjò-Èkìtì àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn-Èkìtì, lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ kan náà, wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn olùkọ́ wọn gbé nínú ọkọ̀ ní Emùré-Èkìtì. Láti ìgbà náà, bí awakọ̀ bá rí ènìyàn tí ó mú ohun dúdú gígùn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Ìwòròkó tàbí lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, kò ní béèrè bóyá ike ni tàbí irin. Yóò yí ọkọ̀ padà lójijì, bóyá kí ó tilẹ̀ kọlu ẹlòmíràn. Ọlọ́pàá tí ó bá rí i ní alẹ́ ní Ajílòsùn tàbí Baṣírì kò sì ní ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ láti pinnu.

Ohun mìíràn wà tí ó yẹ kí a rò. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, ìbọn ọdẹ ni a mọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, Rótìmí Akérédolú, fi ẹ̀hónú hàn pé ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí Àmọ̀tẹ́kùn lo irú ìbọn ńlá tí àwọn ọ̀daràn ń gbé kiri. Ìyẹn ni pé ní ojú pópó wa, ẹni tí ó ń ṣọ́ ìlú lè gbé ṣakabùlà dání, nígbà tí ohun ìṣeré ọmọdé jọ AK-47. Nígbà tí aráàlú bá fẹ́ fi ojú mọ ẹni tí ó wá gbà á àti ẹni tí ó wá pa á, ohun ìṣeré náà ni yóò dẹ́rù bà á jù.

Òfin pàápàá kò fi ojú ṣeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Òfin tí ó de ìdigunjalè ní Nàìjíríà, èyí tí ó ti wà láti ọdún 1984, ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ ohun ìjà, pẹ̀lú àdá, ọ̀kọ̀, ọrun àti kùmọ̀. Afẹ́fẹ́ ni airsoft sì fi ń ti ọta jáde. Ikú ni ìjìyà ẹni tí ó bá fi ohun ìjà jalè lábẹ́ òfin yẹn. Kí ọ̀dọ́ tí ó bá ń rò pé ìbọn ìṣeré ni òun fi gba fóònù lọ́wọ́ ẹnìkan má ṣe tan ara rẹ̀ jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé ẹlòmíràn. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1988 ní kí wọ́n fi àwọ̀ ọsàn sí ẹnu ìbọn ìṣeré. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kọkànlá ọdún 2014, ní ìlú Cleveland, ọlọ́pàá yìnbọn fún Tamir Rice, ọmọ ọdún 12, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì tí ọkọ̀ wọn dé ibẹ̀. Airsoft ni ó wà lọ́wọ́ ọmọ náà, àmì àwọ̀ ọsàn ẹnu rẹ̀ sì ti kúrò. Ọmọ náà kú ní ọjọ́ kejì. Ní ọdún kan ṣáájú, ní ìpínlẹ̀ California, Andy Lopez, ọmọ ọdún 13, ti kú lọ́nà kan náà. Èyí tí ó jọ AK-47 ni òun mú dání. Ẹ̀kọ́ tí èyí kọ́ wa ni pé àmì kékeré ní ẹnu ìbọn kò tó.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2006 kò gbà kí wọ́n ta ìbọn ìṣeré tí ó jọ ojúlówó fún ẹnikẹ́ni ṣáá. Ẹni tí ó ń ṣe eré airsoft lọ́nà tí ó bófin mu, àwọn tí ń ṣe fíìmù, eré orí ìtàgé àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lè rí i rà. Èyí tí àwọn yòókù bá rà gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ tí ó ń tàn yòò, bíi pupa, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ewé tàbí búlúù, tàbí kí ó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Kò sí ẹni tí ó pa eré wọn rẹ́. Wọ́n kàn ní kí eré máa jọ eré ni.

Gbogbo wa kọ́ la lè sùn ká kọrí síbì kan náà. Àwọn kan yóò sọ pé ọmọdé ti ń fi igi gbẹ́ ìbọn ṣeré láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sì sí ohun tí ó ṣe wọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n igi jọ igi. Àwọn mìíràn yóò ní adigunjalè lè fi ọ̀dà dúdú kun ìbọn aláwọ̀ ewé. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí adigunjalè ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Nítorí ọmọ tí kò rò ibi ni, tí ó gbé ohun tí bàbá rẹ̀ rà fún un ní ọdún Kérésìmesì jáde sí ìta ní ìrọ̀lẹ́. Àwọ̀ tí ó ń tàn yòò lè gba ẹ̀mí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ là.

Kí ni kí a ṣe? Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkìtì lè ṣe òfin kúkúrú lórí ohun méjì: àwọ̀ ìbọn ìṣeré tí a ń tà ní ọjà wa, àti gbígbé ayédèrú ìbọn kiri ní gbangba láì bò ó. Àwọn tí ń ya fíìmù àti eré apanilẹ́rìn-ín gbọ́dọ̀ fi tó ọlọ́pàá, Àmọ̀tẹ́kùn àti àwọn ará àdúgbò létí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ìbọn wọn sì wà nínú àpò títí wọn yóò fi nílò rẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ wa bá fẹ́ ṣe eré airsoft gan-an, kí wọ́n wá pápá tí ó ní ọgbà yíká. Ní tiwa, àwa òbí, òfin kọ́ ni yóò kọ́kọ́ dáàbò bo ọmọ wa. Bí o bá dé ìsọ̀ ní Ọjà Ọba, tí o sì ní láti wo ìbọn ìṣeré kan lẹ́ẹ̀mejì kí o tó mọ̀ pé ìṣeré ni, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ọlọ́pàá tí yóò rí i lọ́wọ́ ọmọ rẹ lóru lè má ní àyè láti wo ẹ̀ẹ̀kejì.