Ilé Àdúrà Kékeré Inú Odi Wídà

Ní ìlú Wídà, odi àtijọ́ kan wà tí àwọn ará Potogí kọ́ ní ọdún 1721. Ilé àdúrà kékeré kan wà nínú rẹ̀. Lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, ìjọba orílẹ̀-èdè Benin ti dáwọ́ lé àtúnṣe odi náà, kí ó lè di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí yóò máa sọ ìtàn òwò ẹrú. Ìbéèrè kan jẹ yọ: ṣé ògiri nìkan ni à ń tún ṣe ni, àbí ìtàn pẹ̀lú?

A kò kọ́ odi náà nítorí àdúrà. Òwò ẹrú ni a tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ. Etíkun Wídà ni a ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ sí Bùràsíl, àwọn ọmọ Yorùbá sì wà lára wọn. Nígbà tí àwọn kan padà wálé, wọ́n mú ẹ̀sìn Kátólíìkì bọ̀. Àwọn ni à ń pè ní Àgùdà.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1861, àlùfáà méjì gúnlẹ̀ sí Wídà: Francesco Borghero, ará Ítálì, àti Francisco Fernandez, ará Sípéènì. Inú odi náà ni wọ́n wọ̀ sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìhìnrere. Báyìí ni ibi ìrora ṣe di ibi àdúrà.

Ní ọdún 1961, ìjọba Dahomey ní kí àwọn ará Potogí kó jáde. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n dáná sun odi náà. A tún un ṣe, ó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 1967.

Àtúnṣe ilé àtijọ́ gba ìmọ̀. Ògiri amọ̀ a máa fa omi mu nígbà òjò, a sì máa tú u sílẹ̀ nígbà ẹ̀rùn. Bí a bá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, omi kò ní rí ọ̀nà jáde. Ògiri yóò máa dán lóde, yóò sì máa bàjẹ́ nínú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn rí. Ẹni tó bá sọ ti àdúrà tí kò sọ ti ẹ̀wọ̀n, sìmẹ́ǹtì ló fi rẹ́ amọ̀. Ẹni tó bá sì sọ ti ẹ̀wọ̀n nìkan, ó gbàgbé àwọn tó padà wálé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ wọn.

Ohun kan tún kù. Bí àkọlé ara ògiri bá wà ní èdè Faransé nìkan, ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà ní Fọ̀n tàbí ní Yorùbá yóò wo àwòrán lásán, yóò sì padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ìtàn àwọn baba ńlá rẹ̀ ni. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kí a lè wo ẹ̀yìn, ó yẹ kí a lè kà á.