Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà



Ìyá kan kọ̀wé sí wa láti Florida, ní Amẹ́ríkà. Ọmọbìnrin rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí háísúkúù, ó sì fẹ́ lọ ka ìwé ọlọ́dún méjì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìpínlẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Associate in Arts. Bàbá ọmọ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ojú yóò ti òun lójú àwọn ẹgbẹ́ òun tí ọmọ wọn ti wọ yunifásítì.

Bàbá wa, ẹ fara balẹ̀. Kírẹ́díìtì 60 ni ẹ̀kọ́ yìí, ìdajì 120 tí dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin sábà máa ń gbà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ni yóò kọ́, yóò sì fi mọ ibi tí ẹ̀bùn rẹ̀ wà. Owó rẹ̀ kéré, ọmọ sì lè máa ti ilé lọ. Ní Florida, ẹni tó bá parí rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti wọ ọ̀kan nínú yunifásítì 12 ti ìpínlẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ìwọ ọmọ wa, ẹ̀tọ́ yìí kò sọ pé yunifásítì tó wù ọ́ gan-an ni wàá bọ́ sí, tàbí iṣẹ́ tó wù ọ́. Tètè béèrè irú kọ́ọ̀sì tí wọn yóò gbà níbẹ̀, kí o tó forúkọ sílẹ̀ fún èyíkéyìí.

Bàbá, bí ọmọ bá jẹ gbèsè nítorí ojú ayé, àwọn ẹgbẹ́ yín kò ní bá a san án. Ẹ súre fún un, kí ó máa lọ.