Ta ló ń yẹ ìsàlẹ̀ ọ̀sà Addo wò kí wọ́n tó fa iyanrìn?

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Addo lọ sí Badore mọ òkìtì iyanrìn etí ọ̀sà dáadáa. Ẹ̀rọ ń fà á látìsàlẹ̀ omi, típà ń gbé e lọ, ilé ń dìde lórí rẹ̀. A kò bínú ilé. Àmọ́ àgbà apẹja tí àwọ̀n rẹ̀ ti há mọ́ igi àtijọ́ rí mọ̀ pé iyanrìn nìkan kọ́ ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀.

Lóṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó títí Ọba Kòsọ́kọ́ fi sá kúrò. Òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, ọ̀sà yìí kan náà ni ọkọ̀ wọn sì ń gbà lọ gbà bọ̀. Ohun tó bá rì nígbà náà, ibẹ̀ ló ṣì wà, àyàfi tí ẹ̀rọ bá ti fọ́ ọ mọ́ iyanrìn.

Òfin kò dákẹ́ lórí ẹni tó fẹ́ wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Òfin ọdún 1979 tó dá NCMM sílẹ̀, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ walẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ náà, kí ìjọba ìpínlẹ̀ tọ́rọ̀ kàn sì fọwọ́ sí i. Àjọ náà gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ẹni tó ń béèrè ti kọ́ iṣẹ́ ọ̀hún, ó sì ti ṣe é rí. Lọ́dún 2005, Nàìjíríà tún tọwọ́ bọ àdéhùn UNESCO ti ọdún 2001 lórí ohun àjogúnbá abẹ́ omi. Àdéhùn náà ní ohun tó bá ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún lábẹ́ omi kì í ṣe ọjà títà, àti pé ká kọ́kọ́ rò ó bóyá ká fi í sílẹ̀ níbi tó wà.

Ìdí wà fún un. Igi tó ti pẹ́ nínú omi, bí wọ́n bá gbé e sóòrùn, á gbẹ, á sán, á di igi ìdáná. Ọkọ̀ Dufuna tí darandaran kan rí níbi tó ti ń gbẹ́ kànga ní ìpínlẹ̀ Yobe lọ́dún 1987 ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ọdún. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí àwọn onímọ̀ Nàìjíríà àti Jámánì tó parí iṣẹ́ lórí gbígbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ tó bá gba ìwé ìbéèrè gbọ́dọ̀ bi olùwádìí pé: inú omi wo lẹ máa rẹ igi náà sí, fún ọdún mélòó, owó rẹ̀ dà? Ẹni tí kò bá rí èsì, kó máa lọ.

Ibi tó ń dùn wá nìyí. Ẹni tó fẹ́ fi kámẹ́rà àti búrọ́ọ̀ṣì wo ìsàlẹ̀ ọ̀sà ní láti la gbogbo ìyẹn kọjá. Ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀rọ ńlá hú u, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣàkóso omi ló ń lọ. Lórí ìyẹn pàápàá, ọdún gbọọrọ ni Èkó àti àjọ NIWA fi fa ọ̀rọ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́, kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó dá ìjọba àpapọ̀ láre lọ́jọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2024. Ẹni tí yóò máa fúnni níwèé àṣẹ, tí yóò sì máa gbowó, ni wọ́n ń jà lé. A kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ohun àtijọ́. Òfin àyẹ̀wò àyíká ti ọdún 1992 ka fífa iyanrìn mọ́ iṣẹ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣèwádìí lé lórí, àmọ́ ibi tó bá tó hẹ́kítà 50 ló kàn. Ẹni tó ń fa ti hẹ́kítà mẹ́wàá mẹ́wàá káàkiri ńkọ́?

Ní Amẹ́ríkà, ìsàlẹ̀ odò Mobile ni ọkọ̀ Clotilda wà, èyí tó kó nǹkan bí èèyàn 110 kúrò ní Ouidah lọ́dún 1860, tí ọmọ Yorùbá sì wà nínú wọn. Lọ́dún 2019 tí wọ́n kéde pé àwọn ti rí i, àjọ ìtàn ìpínlẹ̀ Alabama ló dúró tì í, àwọn àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sì ń dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tí a ń béèrè kò le. Kí NIWA má fún ẹnikẹ́ni níwèé fífa iyanrìn lágbègbè Addo, Langbasa àti Badore láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ NCMM ti yẹ ibẹ̀ wò, ì báà jẹ́ hẹ́kítà kan péré. Kí NCMM náà sì dáhùn láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Kí ìjọba fún un lówó òmùwẹ̀ àti ọkọ̀, torí èèyàn kì í jókòó sí ọ́fíìsì l'Abuja yẹ ìsàlẹ̀ ọ̀sà wò. Kí wọ́n sì lẹ nọ́ńbà fóònù òṣìṣẹ́ náà mọ́ èbúté Badore, kí apẹja tí àwọ̀n rẹ̀ bá gbé ohun àjèjì sókè lè mọ ẹni tí yóò pè, kó tó tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.