Ta Ló Ní Kò Síbi Tí A Lè Lọ?

 

Bí Sátidé bá dé, mọ́ọ̀lù nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ní Satwa mọ̀. Bẹ́ẹ̀, Sharjah ò jìnnà. Ní 2023, ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà Sharjah Biennial, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993, wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Ọmọ Nàìjíríà, Okwui Enwezor, ló gbèrò rẹ̀ kó tó kú ní 2019. Iṣẹ́ Yinka Shonibare, ọmọ Yorùbá tó dàgbà ní Èkó, wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Mélòó nínú wa ló gbọ́?

Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í wá kanlẹ̀kùn, àwa la ó wá a lọ. Ẹ gba ìwé ètò ní Sharjah Art Foundation, tàbí ní Jameel Arts Centre ní Jaddaf. Ẹ wo ìwé ìròyìn What's On pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tó ń lọ London, ọgbọ́n kan náà ni. Ọkọ̀ ojú omi inú ìgò tí Shonibare ṣe, tí ìgbòkun rẹ̀ dà bí àǹkárá, wà níta National Maritime Museum ní Greenwich. Ọ̀fẹ́ náà ni.

Oníṣirò owó ni mí: owó ọkọ̀ àti oúnjẹ inú kúlà ò tó owó sinimá. Ọmọ tó bá sì rí iṣẹ́ ará ilé rẹ̀ tí ayé ń wò, kò ní tijú èdè bàbá rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọdé, iṣẹ́ yín rèé: ẹ bá màmá yín wá ètò kan kí Sátidé tó dé. Abéèrè kì í ṣìnà.