Eré Kí Lẹ Ń Sá Létí Òkun?

Ẹ̀yin tí ẹ ń yangàn pé ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ fi yí North Coast 500 po, kí lẹ rí? Máìlì 516 ni ọ̀nà etí òkun yẹn ní Scotland, láti Inverness padà sí Inverness. Kì í ṣe pápá eré. Níbi púpọ̀, mọ́tò kan ṣoṣo ló lè gbà á. Ìyàgò ni àlàfo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wà fún, kì í ṣe ibi tí ẹ ó páàkì sí kí ẹ ya fọ́tò. Ará ìlú tó ń gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn lè wà lẹ́yìn yín. Lẹ́sẹ̀ òkè Bealach na Bà, pátákó sọ pé kò yẹ kí ọkọ̀ ńlá gùn ún. Síbẹ̀ ẹ ń gùn ún.

Àwa mẹ́rin náà fẹ́ sáré. Mọ́tò tó ní bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù nínú la háyà, ẹ̀gbọ́n wa tó ń wà á sì ti to ètò ọjọ́ mẹ́rin sílẹ̀. Èmi tí mò ń kọ sọ́fíwia mọ irú ètò tí kò fàyè sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: ọjọ́ kejì ló ń dàrú. Ní Durness, oòrùn ràn láàárọ̀, òjò dé lọ́sàn-án, nígbà tó dalẹ́, atẹ́gùn ń ku mọ́tò bí èlùbọ́. Ẹ̀gbọ́n ní ká máa lọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mọ́tò gíga lèyí o!"

Ọjọ́ méjì la fi dúró. A tẹ ẹ̀bà, a jókòó. Lálẹ́ ọjọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n tó sọ fún wa pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn láti oṣù méjì.

A ò yí i po tán. Ká ní a sáré ni, fọ́tò là bá kó wálé, a kì bá tí mọ ohun tó ń jẹ awakọ̀ wa lọ́kàn. Ẹ rọra o.